Ìwé Svilen Lára Ilẹ̀kùn Ilé Àgbà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó kú ní ìlú wa létí odò Dúnáfù, ẹ má wulẹ̀ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹ ka ara ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ á tẹ àwòrán rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan tó ní etí dúdú, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí i, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé tó gbé, mọ́ ilẹ̀kùn ibi tó ti ṣiṣẹ́, mọ́ igi ibùdókọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ń rántí rẹ̀ sí. Tó bá pé ogójì ọjọ́, wọ́n á lẹ òmíràn. Tó bá pé ọdún kan, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún ni, títí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ náà á fi di ẹni tí wọ́n ń lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ya á. Òjò àti afẹ́fẹ́ nìkan ló láṣẹ láti mú un kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní ìlú wa mọ èyí.

Nedka Tsoneva náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ń ṣe burú.

Nedka ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn Ilé Àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó dé láti abúlé, pẹ̀lú àpótí páálí kan àti ẹnu tó mú bí abẹ. Ilé Àgbà ni ilé àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa ní. Ọlọ́jà ọkà kan tí kò bímọ ló kọ́ ọ, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kó lọ sórí òkè, sínú àwọn ilé gíga tí kò lẹ́wà, Ilé Àgbà di ibi ijó àti ibi àsè. Ọjọ́rú ni àwọn arúgbó máa ń wá di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n á máa jó ijó alágbo yí gbọ̀ngán po. Ọjọ́bọ̀ ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ Sátidé, ìgbéyàwó ni. Nedka ló ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn, òun náà ló sì ń fi ìda kun pákó ilẹ̀ gbọ̀ngán náà kó lè máa dán, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó so mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀.

"Àǹtí Nedka, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi ò ní káàdì, ẹ jẹ́ kó wọlé."

"Ṣé èmi ni mo gba káàdì lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Kó padà sílé lọ sùn. Wò ó bí ojú ẹ̀ ṣe rí, àfi bí ẹni tó mu ọbẹ̀ àná."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó sì tún máa ń yọ́ jẹ́ kí wọ́n wọlé tó bá yá. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kọ́kọ́ dé. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ṣì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé e padà sí abúlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Gbọ̀ngán Ilé Àgbà ní bákónì kan nínú, lókè, tó yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀kan ni àtẹ̀gùn onígi tó já sínú gbọ̀ngán. Ìkejì ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan tó já sí àtẹ̀gùn onírin, àtẹ̀gùn onírin já sí àgbàlá. Àtẹ̀gùn onírin yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kó ọ̀rẹ́ wọn tí kò ní káàdì wọlé. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nígbà náà ti bá Nedka wí lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1986, lọ́jọ́ tí ijó ńlá kan máa wáyé, Nedka gòkè lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pa, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáa lójú ara rẹ̀. Ó ní ká wo ẹni tó máa yọ́ wọlé lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà lókè, tí wọ́n ń so gílóòbù aláwọ̀ mọ́ ara bákónì fún ijó náà: Svilen Kolev àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lyuben. Wáyà kan jó nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn onígi, kọ́tìnì gbiná. Kì í ṣe iná tó le. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi pa á. Àmọ́ èéfín gòkè kíákíá, ó sì dí ojú àtẹ̀gùn onígi. Svilen sáré lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ó mi ọwọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó tún mi ín lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí kò ṣí, ó ní òun á fi okùn kọ́tìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú gbọ̀ngán. Okùn náà ti gbó, ó sì já. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí.

Nedka ti sáré gòkè láti ìta pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn náà tán kó tó gbọ́ ìró ohun tó já lulẹ̀ nínú gbọ̀ngán.

Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, Lyuben sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Nedka ní rárá, ó ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí wọ́n lọ wò ó. Wọ́n ní irọ́ ni Lyuben ń pa, pé sìgá ẹ̀ ló dáná náà sílẹ̀, ó wá ń wá ẹni tí yóò tì í sí lọ́rùn. Wọ́n lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ní òun ò lè bá ẹni tó pa ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Rayna, ìyá Svilen, á rí Lyuben ní títì, á sọdá sí òdì kejì. Gbólóhùn ọ̀rọ̀ kan péré ni Nedka sọ, mo bẹ̀ yín. Ẹ wo ohun tó jẹ.

Ẹ ti gbọ́ òwe yẹn, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe náà kò gbé ìlú wa. Ti Nedka lọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó jẹun, ó sùn, ó fẹ́ ọkọ, ó sin ọkọ, wọ́n sì ń múra láti fún un ní àwo ìdánilọ́lá tó bá fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejìlá.

Àmọ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, lọ́dọọdún, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ìyá Svilen máa ń dé.

Ó máa ń gbé abọ́ lẹ́ẹ̀ dání, ìyẹ̀fun tó fi omi sè títí ó fi ki bí ẹ̀kọ. Á fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára ilẹ̀kùn, á lẹ ìwé ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Svilen nínú àwòrán náà ń rẹ́rìn-ín, irun rẹ̀ gùn, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tóbi bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nígbà náà. Nísàlẹ̀: *Ìyá rẹ̀ ló ń rántí rẹ̀.* Lẹ́yìn náà, á fún Nedka ní àlìkámà sísè tó fi ṣúgà sí, nínú ife kékeré, bí a ti ń ṣe fún òkú.

"Kí Ọlọ́run dárí jì í," Nedka á wí, torí ohun tí ẹni tó bá gba àlìkámà òkú gbọ́dọ̀ sọ nìyẹn.

"Àmín. Ṣé afẹ́fẹ́ ti gbé tèṣí lọ, Nedka?"

"Ó ti gbé e lọ, mà."

"Afẹ́fẹ́ ilé yín yìí lọ́wọ́ tó dáa o. Kì í fi àjákù kankan sílẹ̀."

Nedka á wo ilẹ̀. Òun ni afẹ́fẹ́ náà. Tí Ìyá Svilen bá ti lọ, tí ilẹ̀ bá ń ṣú, á fi aṣọ tí ó rì bọ omi gbígbóná rẹ ìwé náà, á máa fi èékánná ká a láti igun títí yóò fi ṣí odindi. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí, Ọ̀gá Bozhkov, kò sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé, "Nedka, ìyàwó tuntun ló ń gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá. Ṣé òkú ló yẹ kó kọ́kọ́ kí i káàbọ̀?" Nedka di ọ̀rọ̀ yìí mú gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. Irọ́ ni. Kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ojú ọmọ yẹn máa wò ó ní ẹ̀yìn, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Kò sì lè jù ú nù. Ó ń sá a gbẹ láàárín ìwé ìròyìn, ó ń kó o sínú agolo bísíkíìtì kan lẹ́yìn ìda inú yàrá rẹ̀. Méjìlélọ́gbọ̀n ló wà nínú agolo náà. Svilen méjìlélọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Lyuben ńkọ́? Ó di oníbúrẹ́dì. Òun ló ń fi ọkọ̀ kékeré gbé búrẹ́dì ìgbéyàwó kiri, èyí ńlá rìbìtì tí ìyá ọkọ ń bù fún tọkọtìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú oyin àti iyọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń dé Ilé Àgbà. Kì í wọlé. Àwa sì rèé, a kì í na nǹkan síra wa kọjá òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọdá. Nítorí náà Nedka ló ń jáde lọ bá a níta, lójò, nínú yìnyín, láti gba búrẹ́dì náà.

"Ó gbóná o," Lyuben á wí.

"Mo ti rí i."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ní àárín oṣù kẹwàá ọdún 2019, Nedka ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ń ka ara igi bí gbogbo wa ti ń ṣe, ó sì rí ìwé tuntun kan. Rayna Koleva, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nísàlẹ̀: *Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń rántí rẹ̀.* Bọ́ọ̀sì dé, bọ́ọ̀sì lọ, Nedka ò wọ̀ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀, ojú ti èmi fúnra mi láti sọ ọ́, ni pé ara tù ú. Kò sí ẹni tí yóò lẹ ìwé náà mọ́. Ó ti parí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Nedka nìkan ló wà ní gbọ̀ngán, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lókè. Ẹnì kan mi ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró. Ó tún mi ín lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi ipá mi ín. Ó mi ín jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dá a lójú pé wọ́n máa tó ṣílẹ̀kùn fún òun.

Ó gòkè lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ pé kó máa wà ní títì pa, ẹ wo ọgbọ́n. Kò sẹ́nì kankan. Òórùn èéfín wà nínú kọ́tìnì tí wọ́n ti pààrọ̀ nígbà mẹ́fà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta. Nedka bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ síta tó bá ti di aago mẹ́rin. Ó ń gbá àgbàlá tí kò dọ̀tí. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ọ̀gá Bozhkov jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Nedka, ta ló wà ní bákónì? Ó ń mi ilẹ̀kùn. Sọ fún un pé kó gba ìsàlẹ̀."

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ọ̀gá."

"Mo gbọ́ ọ báyìí."

"Èmi náà gbọ́ ọ," Nedka wí. Títí di ìgbà yẹn, ó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ orí òun ló dàrú.

Ní ọjọ́ kan tí kò níṣẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé tí Ìyá Svilen gbé. Kò mọ ohun tó ń wá. Obìnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Stanka, tó gbé ní yàrá òdìkejì, ṣí ilẹ̀kùn, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìwọ lò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn Ilé Àgbà."

"Èmi ni, mà."

"O pẹ́ kó o tó dé. Rayna ní wàá wá."

Ó wọlé, ó gbé àpò ìwé kan jáde. Ó dúró sí inú, ó ní kí Nedka sọdá wọlé kó tó gbà á. Inú àpò náà ni ìwé Svilen ti ọdún náà wà, títẹ̀ tán, etí dúdú, ẹ̀rín yẹn, kọ́là yẹn. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ṣófo. Kò sí *ìyá rẹ̀ ló ń rántí rẹ̀.* Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, àfi ìlà kan tí wọ́n fi sílẹ̀ láti kọ nǹkan sí.

"Ó ní kí n sọ fún ọ," Stanka wí, "pé afẹ́fẹ́ máa ń ya ìwé ni, kì í ká a. Ó ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn yẹn mọ́ tónítóní ló ti mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe é ń bẹ̀rù ọmọ òun. Ó rò ó títí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Lyuben. Á dúró níwájú ọkọ̀ yẹn, ẹnu ẹ̀ á máa mì, kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí ló fẹ́ sọ? Kò lẹ́rìí."

"Kí ló dé tí kò bi mí?"

"Ó ń bi ọ́. Ọdọọdún ló ń bi ọ́. Kí lo máa ń dá a lóhùn?"

Nedka gbé àpò náà, ó jáde. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì, ní gbangba, kò sì bojú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ọjọ́ Svilen pé. Kí n má parọ́ fún yín, kò di onígboyà lójijì. Ó fi ìwé náà sínú agolo bísíkíìtì pẹ̀lú àwọn yòókù, ó dé e. Ó ronú nípa àwo ìdánilọ́lá. Ó ronú nípa àwọn arúgbó Ọjọ́rú tí wọ́n ń pè é ní ọmọ wa. Nígbà tí Lyuben gbé búrẹ́dì dé ní Sátidé, ó jáde lọ bá a, ó yanu.

"Ó gbóná o," Lyuben wí.

"Lyuben."

Lyuben dúró. Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti lọ, ìyẹ̀fun wà nínú ìlà ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti pe orúkọ rẹ̀ níwájú ilé yẹn rí láti ìgbà yẹn.

"Mo ti rí i," Nedka wí, ó gba búrẹ́dì náà, ó sì wọlé. Ojo ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ ní gbogbo alẹ́.

Ìró ọwọ́ ilẹ̀kùn lókè kò dákẹ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, nígbà tí aago mẹ́rin lù, Nedka ò jáde lọ gbálẹ̀. Ó mú irin tí wọ́n fi ń tú sùkúrù, ó gòkè, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ ilẹ̀kùn mì lójú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dúró dè é. Nedka mọ̀ pé ọmọ yẹn wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ní ìhà tí òun wà, pé kò sì tíì mọ̀ títí di òní ìdí tí kò fi ṣí.

"Èmi ni," Nedka wí. "Èmi ni mo tì í. Mo ní kí wọ́n má yọ́ wọlé. Ọmọ mi, èmi ni."

Ó tú sùkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yọ odindi àgádágodo náà kúrò lára igi, ó gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí agolo, ó mú ìwé tí Rayna fi sílẹ̀, ó sì fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí ìlà tó ṣófo náà. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

Ní Sátidé, ìgbéyàwó wà. Aago mẹ́jọ àárọ̀, Nedka ti se ìyẹ̀fun, ó ti lẹ ìwé náà mọ́ àárín ilẹ̀kùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí bó ṣe rí i tí Ìyá Svilen ń ṣe é. Ọ̀gá Bozhkov dé ní aago mẹ́sàn-án.

"Kí lèyí? Ìyàwó máa tó dé. Ya á."

"Mi ò ya á, ọ̀gá."

"Nedka, má bá mi ṣeré. Ta ló máa ń ya á lọ́dọọdún?"

"Èmi ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ti tó."

Ọ̀gá Bozhkov na ọwọ́ sí ìwé náà láti ya á fúnra rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ di igun ìsàlẹ̀ mú, ó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó wo Nedka bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá ara rẹ̀. Ó wọlé lọ.

Aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ búrẹ́dì dé. Lyuben sọ̀ kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì sí apá, ó sì rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ó ṣí fìlà. Ó ń kà á bí a ṣe ń kà á, láti òkè, orúkọ, ọjọ́ orí, ọdún mélòó. Ó dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kà pé: *Nedka Tsoneva ló ń rántí rẹ̀, ẹni tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pa lọ́jọ́ náà, tó sì purọ́ pé ó ṣí. Òótọ́ ni Lyuben sọ.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nedka dúró nínú ilé, lẹ́yìn òkúta ẹnu ọ̀nà, kò jáde.

"Ó wà ní títì pa," Lyuben wí.

"Ó wà ní títì pa."

"Mo sọ fún wọn."

"O sọ fún wọn."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. O jókòó sórí àga kan báyìí, o wọ ẹ̀wù búlúù. Ò ń wò mí lójú."

"Mo ń wò ọ́ lójú," Nedka wí. "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Lyuben."

Mo rò pé ó máa nà án. Nedka náà rò bẹ́ẹ̀. Lyuben gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sọdá òkúta ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì lápá, ó kọjá lára Nedka, ó wọ gbọ̀ngán. Ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì. Ó wo ilẹ̀ ní ibì kan tí Nedka kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kàn. Lẹ́yìn náà, ó gun àtẹ̀gùn onígi lọ sí bákónì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nedka gbọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́ pé ó ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù wọ inú gbọ̀ngán, gbogbo kọ́tìnì mì.

Àtẹ̀gùn onírin ní ìgbésẹ̀ méjìdínlógún. Nedka dúró, ó ń ka ẹsẹ̀ Lyuben bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn, títí ó fi tẹ àgbàlá. Ọ̀nà tó yẹ kí òun àti Svilen jọ gbà lọ́jọ́ iná náà ló gbà. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Ìyàwó dé, ó ka ilẹ̀kùn, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó fẹsẹ̀ ta ìkòkò omi dànù bí ìyàwó gbogbo ti ń ṣe, ó sì wọlé. Kò sí ohun tó ṣe é. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ní Ọjọ́rú, àwọn arúgbó gba iwájú Nedka kọjá bí ẹni tó gba iwájú òpó. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ àwo ìdánilọ́lá mọ́. Ó dùn ún gan-an, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Tí aago mẹ́rin bá lù, á dúró nínú gbọ̀ngán, á tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pàápàá wúwo lọ́rùn rẹ̀, torí ó ti mọ́ ọmọ náà lára.

Ṣùgbọ́n mo ti fo ohun kan. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì ìgbéyàwó yẹn, nígbà tí Nedka dé ibi iṣẹ́, ìwé náà kò sí lára ilẹ̀kùn mọ́. Ilẹ̀kùn mọ́ tónítóní. Ẹnì kan ti fi omi rẹ ẹ́, ó ti ká a láti igun, kò fi àjákù kankan sílẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ búrẹ́dì dé. Lyuben dúró níta bíi ti tẹ́lẹ̀. Nedka sọdá òkúta, ó jáde lọ bá a.

"Afẹ́fẹ́ gbé e lọ," Lyuben wí.

"Mo rí i."

"Mo mú un lọ sí ibojì Màmá Svilen. Mo kà á sókè fún un, látòkè délẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, torí etí ẹ̀ ò dáa mọ́ kó tó kú. Mi ò tíì dárí jì ọ́, Nedka. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é."

"Mi ò ní kó o ṣe é."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ ò ní sí níbí mọ́. Ta ló máa lẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni. Màá wá láti ilé."

Lyuben na búrẹ́dì náà sí i. Nígbà tí Nedka dì í mú, kò tíì fi í sílẹ̀.

"Kọ orúkọ mi sí i," ó ní. "Kọ ọ́ sókè tìẹ."

"Màá kọ ọ́ sókè tèmi."

Ó wá fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún un. Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nedka gbé e wọlé, nítorí ìyá ọkọ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oyin àti iyọ̀.